Kí Ni Ó Ń Ba Ọmọ Yìí Lẹ́rù?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí kò sí ilé tí kò sí, èyí ni ẹ̀rù. Bóyá ọmọ kan wà nínú ilé yín tí kò lè kọjá níwájú ajá. Bóyá òmíràn wà tí ó jẹ́ pé, bí ọjọ́ ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, inú a máa run ún, oúnjẹ kò sì ní í lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ìyá yóò ní, "Ojo ni ọmọ yìí." Bàbá yóò ní, "Ẹ mú pàṣán wá, ẹ̀rù náà yóò sá lọ." Ìyá àgbà yóò ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, pé bí ó bá dàgbà yóò gbàgbé rẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni ó sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ ohun tí a ó ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ó ń ba ọmọ yìí lẹ́rù?

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wádìí ọkàn, ìrònú àti ìwà ènìyàn. Ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní sáíkọ́lọ́jì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọ aráyé ti ń ronú sí ọ̀rọ̀ ọkàn, ṣùgbọ́n ọdún 1879, tí Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlú Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà sí ọdún tí ìmọ̀ náà dá dúró láàyè ara rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, àwọn ọ̀mọ̀wé yìí kò fohùn ṣọ̀kan. Wọ́n pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú tí ó fi ń wo ènìyàn.

Ẹ má ṣe rò pé àríyànjiyàn àwọn akọ̀wé lásán ni èyí. Ojú tí a bá fi wo ọmọ ni a ó fi tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó gbà pé ojo ni ọmọ, yóò nà án. Ẹni tí ó gbà pé nǹkan kan ni ó kọ́ ọmọ ní ẹ̀rù, yóò wá ọ̀nà tí yóò fi kọ́ ọ ní ìgboyà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ọ̀mọ̀wé yìí jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fi ẹ̀rù ṣe òṣùwọ̀n, kí a sì gbọ́ ohun tí olúkúlùkù yóò wí.

Ẹni àkọ́kọ́ ni Sigmund Freud, dókítà kan ní ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria. Ní ọdún 1909 ó tẹ ìtàn ọmọkùnrin kan jáde, ọmọ ọdún márùn-ún, tí ó pè ní Hans. Ọmọ yìí ń bẹ̀rù ẹṣin. Ó gbà pé ẹṣin yóò gé òun jẹ, kò sì fẹ́ jáde sí ìgboro mọ́. Ẹ rántí pé nígbà náà ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ káàkiri Vienna, bí mọ́tò ṣe kún ìgboro tiwa lónìí. Bàbá ọmọ náà ni ó ń bá a sọ̀rọ̀ nílé, tí ó ń kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì ń kó o tọ Freud lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Freud fúnra rẹ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú yìí.

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé inú ọmọ ènìyàn jìn. Ohun tí Freud náà ń sọ nìyẹn. Ó ní ènìyàn kò mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀. Ó ní àwọn ìfẹ́ kan wà, àti àwọn ìbínú kan, tí a ti tẹ̀ rì, ṣùgbọ́n tí wọn kò kú. Wọ́n ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú jáde nínú àlá, nínú àṣìsọ, àti nínú àìsàn. Ní ti Hans, Freud ní kì í ṣe ẹṣin ni ó ń bẹ̀rù ní ti gidi, bàbá rẹ̀ ni. Ọmọ náà fẹ́ràn ìyá rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń jowú bàbá, ó sì ń fòyà pé bàbá yóò jẹ òun níyà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn bàbá náà pẹ̀lú. Nítorí èyí ó gbé ẹ̀rù náà kúrò lórí bàbá, ó gbé e lé ẹṣin lórí. Ìwòsàn tí Freud là sílẹ̀ ni pé kí ènìyàn máa sọ̀rọ̀, kí ohun tí ó fara pamọ́ lè bọ́ sí gbangba. Ẹ̀rù Hans sì lọ. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ní 1922, ó lọ kí Freud. Ara rẹ̀ le, ó sì ti gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Ìtàn yìí dùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáradára. Hans fúnra rẹ̀ ti sọ pé òun rí ẹṣin kan tí ó ń fa ọkọ̀ èrò, tí ó ṣubú lulẹ̀ gbì, àti pé láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù ti bá òun. Ní ọdún 1960, ọ̀mọ̀wé méjì, Joseph Wolpe àti Stanley Rachman, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò. Wọ́n ní ìṣubú ẹṣin náà tó láti dẹ́rù ba ọmọ. Kí ni a tún ń wá bàbá kún un sí? Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí pé ọ̀rọ̀ Freud ni ó wo ọmọ náà sàn. Àléébù ńlá ọ̀nà Freud nìyí: bí ọmọ bá gbà, Freud jàre, bí ọmọ bá kọ̀, Freud yóò ní ó ń fi í pamọ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí kò sí bí a ṣe lè já a, kò sí bí a ṣe lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni kejì ni John Watson, ará Amẹ́ríkà. Ní 1913 ó kọ̀wé pé kí àwọn ọ̀mọ̀wé yé sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ojú kò lè rí. Ó ní ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, àti ohun tí ènìyàn ṣe, ni kí wọ́n máa wò. Ivan Pavlov ti fi ajá hàn aráyé ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà: bí ajá bá ń gbọ́ ìró kan nígbàkúùgbà tí oúnjẹ bá fẹ́ dé, bí ó pẹ́ bí ó yá, ìró náà nìkan yóò tó láti mú kí itọ́ máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Watson ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ṣe ń wọ ọmọ ènìyàn lára.

Ní 1920 òun àti Rosalie Rayner tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìlú Baltimore. Wọ́n mú ọmọ jòjòló kan tí wọ́n pè ní Albert, tí kò tíì pé ọdún kan. Wọ́n fi eku funfun hàn án, kò bẹ̀rù, ó nawọ́ sí i. Bí ó ti nawọ́, wọ́n fi òòlù lu ọ̀pá irin lẹ́yìn orí rẹ̀, gbàà! Ọmọ ta gìrì. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n pa eku àti ariwo pọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá gbé eku nìkan wá, láìsí ariwo kankan, ọmọ bú sẹ́kún, ó sì ń rá lọ kíákíá. Kò tán síbẹ̀. Ó ń bẹ̀rù ehoro, ó ń bẹ̀rù ajá, ó ń bẹ̀rù ẹ̀wù onírun, àní ìbòjú Bàbá Kérésì onírùngbọ̀n funfun náà bà á lẹ́rù. Àwọn àgbà ti wí i kí Watson tó dáyé: ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Iṣẹ́ náà fi hàn pé a lè kọ́ ènìyàn ní ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi dán an wò, èyí kò sì tó ẹ̀rí. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọ náà kúrò ní ilé ìwòsàn náà láìjẹ́ pé wọ́n mú ẹ̀rù tí wọ́n gbìn sí i kúrò. Òfin ìwádìí ti òde òní kò ní gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ. Síbẹ̀, ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: nígbà tí a bá ń sọ fún ọmọ pé, "Bí o kò bá dákẹ́, mo máa pe ọlọ́pàá," tàbí pé, "Dókítà á gún ọ lábẹ́rẹ́," kí ni a ń ṣe? Òòlù ni a ń lù lẹ́yìn orí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá ṣàìsàn gidi, tí ó bá sì yẹ kí ó rí dókítà, a ó fi ẹkún rẹ̀ san gbèsè ohun tí a ti kọ́ ọ.

Ohun tí a lè fi ẹ̀kọ́ gbìn, a lè fi ẹ̀kọ́ fà á tu. Obìnrin ọ̀mọ̀wé kan, Mary Cover Jones, ni ó fi èyí hàn ní 1924. Ọmọ kan wà tí wọ́n pè ní Peter, tí ó ń súnmọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Bí ó bá rí ehoro, ẹkún ni. Jones kò nà án, kò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbé oúnjẹ tí ọmọ náà fẹ́ràn síwájú rẹ̀, ó sì gbé ehoro nínú àgò rẹ̀ sí òkèèrè réré. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún un mọ́ ọn. Wọ́n tún pe àwọn ọmọ mìíràn tí kò bẹ̀rù, kí Peter máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń bá ehoro ṣeré. Ẹ̀rù náà tilẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn tí ọmọ náà ṣàìsàn, tí ajá ńlá kan sì fò mọ́ òun àti ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀. Jones kò bínú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níkẹyìn, Peter jẹ́ kí ehoro máa fi ẹnu họ òun níka ọwọ́.

Ẹni kẹta ni Aaron Beck, dókítà ní ìlú Philadelphia. Ọ̀nà Freud ni wọ́n fi kọ́ ọ. Freud ti kọ́ni pé ìbínú tí ènìyàn yí padà sí ara rẹ̀ ni ó ń di ìbànújẹ́ ọkàn. Beck fẹ́ fi ìwádìí ti èyí lẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ àlá àwọn aláìsàn wò, ó ń wá ìbínú níbẹ̀. Òfò àti ìjákulẹ̀ ni ó bá. Ó gba ohun tí ojú rẹ̀ rí, ó sì fi ọ̀nà tí wọ́n fi kọ́ ọ sílẹ̀. Láti àwọn ọdún 1960 ni ó ti ń kọ́ni pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ fún ara rẹ̀ nínú ni ó ń bà á nínú jẹ́ tí ó sì ń dá a níjì.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọ méjì jókòó sí yàrá ìdánwò kan náà, ìbéèrè kìn-ín-ní kò sì yé èyíkéyìí nínú wọn. Èkíní ní, "N ó padà sí i tó bá yá." Èkejì ní, "Mo ti gba òdo nìyí, gbogbo ayé á fi mí rẹ́rìn-ín." Ìbéèrè kan náà ni, ohun tí olúkúlùkù sọ fún ara rẹ̀ ni ó yàtọ̀, òun náà ni ó sì ń mú ọwọ́ èkejì gbọ̀n. Beck ní kí a mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú adájọ́. Ẹ̀rí wo ni ó wà pé òdo ni? Ṣé ẹni tí ó kùnà ìbéèrè kan kò yege rí?

Ẹni kẹrin ni Carl Rogers, tí ó fi ọdún púpọ̀ bá àwọn ọmọ oníwàhálà ṣiṣẹ́ ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà. Ó rántí ọ̀dùnkún tí wọ́n máa ń tọ́jú sínú àjàalẹ̀ ilé wọn nígbà èwe rẹ̀, tí ń hù nínú òkùnkùn, tí ń na ọ̀mùnú rẹ̀ sí ìhà fèrèsé kékeré kan. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn rí: agbára àtidàgbà wà nínú rẹ̀, bí a kò bá dí i lọ́nà. Ohun tí ó ń dí i lọ́nà ni ìfẹ́ tí a so mọ́ àdéhùn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín sí àfi bí ó bá ṣe ipò kìn-ín-ní, ìdánwò kọ́ ni ó ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá ṣe ipò kẹwàá, òun kì í ṣe ọmọ mọ́. Rogers ní kí a gba ènìyàn bí ó ti rí, kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dénú, kí a má sì ṣe àgàbàgebè sí i.

Àwọn ọ̀wọ́ karùn-ún ní kí a wo ara ènìyàn. Ní 1915, Walter Cannon kọ̀wé pé nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, ara ń tú omi kan tí ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń mú kí àyà máa lù kìkì, kí ara sì múra sí ìjà tàbí sísá. Nínú ọpọlọ pẹ̀lú, ẹ̀yà kékeré méjì wà tí wọ́n ń pè ní amygdala, tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ ẹ̀rù. Obìnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tí àìsàn ba méjèèjì jẹ́ lọ́pọlọ rẹ̀. Àwọn oníwàádìí ròyìn ní 2011 pé ó fọwọ́ gbé ejò, kò bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ní 2013 wọ́n ròyìn pé nígbà tí ó mí afẹ́fẹ́ tí carbon dioxide pọ̀ nínú rẹ̀ sínú, jìnnìjìnnì bò ó. Nítorí náà, ẹ̀yà kan ṣoṣo kọ́ ni ilé ẹ̀rù, bí àwọn kan ti rò tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fiyè sí i, àwọn márùn-ún yìí ń wo ẹnì kan ṣoṣo ni: inú rẹ̀, ìwà rẹ̀, ìrònú rẹ̀, ìdàgbàsókè rẹ̀, ara rẹ̀. Àwọn ọ̀wọ́ kẹfà ní kí a wo àwọn tí ó yí i ká. Ilé wa ni a ti rí ẹlẹ́rìí kan fún èyí. Thomas Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro ní 1954. Dípò kí ó ti gbogbo àwọn aláìsàn mọ́lé, ó bá àwọn abúlé tí ó wà nítòsí sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà wọ́n sílé. Aláìsàn yóò mú ẹbí rẹ̀ kan dání, tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọn yóò máa gbé láàárín ará abúlé, wọn yóò sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Lambo lo oògùn Òyìnbó, ó sì tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí a já kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀, ó ṣòro kí a tó rí i wò sàn. Òkìkí iṣẹ́ yìí kàn dé òkè òkun.

Ó dára. Mẹ́fà ti sọ̀rọ̀. Ta ni kí a gbà gbọ́? Àwọn kan yóò ní gbogbo wọn jàre, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí kò dé ọjà rárá. Ohun tí ó yẹ kí a máa bi olúkúlùkù ni pé: ẹ̀rí dà? Ní ti ẹ̀rù ohun kan pàtó, bí ajá, aláǹtakùn tàbí ibi gíga, ọ̀nà tí Mary Cover Jones gbà, tí Wolpe tún mú gbòòrò sí i nínú ìwé rẹ̀ ní 1958, ni ẹ̀rí rẹ̀ lágbára jù lọ títí di òní. Ọ̀pọ̀ àwọn olùtọ́jú ti so ó pọ̀ mọ́ ọ̀nà Beck. Àlàyé Freud lórí Hans kò ní irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Síbẹ̀, Freud ni ó kọ́ ọ̀pọ̀ dókítà láti jókòó kí wọ́n sì fetí sí aláìsàn, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ti Rogers sì wúlò fún gbogbo wọn, nítorí ọmọ kò ní tẹ̀ lé ẹni tí kò fọkàn tán lọ síbi ohun tí ó ń bẹ̀rù.

Kí wá ni kí a ṣe nílé? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ má ṣe fi ẹgba lé ẹ̀rù. Ẹgba yóò fi ẹ̀rù kejì kún ti àkọ́kọ́ ni. Ẹ má ṣe ti ọmọ lu ohun tí ó ń bẹ̀rù lójijì, ẹ má sì ṣe máa gbé e sá lọ nígbà gbogbo, nítorí ẹ̀rù tí a ń sá fún a máa dàgbà. Ẹ béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì gbọ́ ọ tán. Ẹ jẹ́ kí ó rí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò bẹ̀rù. Ẹ sún un mọ́ nǹkan náà díẹ̀díẹ̀, ìṣísẹ̀ kan lónìí, òmíràn lọ́la, kí ẹ sì yìn ín ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ̀rù náà bá le tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kò jẹun, tí kò sùn, tí kò sì lè lọ sílé-ìwé, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí ẹnì kejì yín tí ń gbọ̀n, ẹ má ṣe pè é ní ojo. Ẹ̀yin lè jẹ́ ọmọ tí ó ń bá ehoro ṣeré níwájú Peter, tí Peter fi mọ̀ pé ehoro kì í pani.

Ìbéèrè wa ni pé, kí ni ó ń ba ọmọ yìí lẹ́rù? Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹni tí ó bá ti mọ èsì kí ó tó wo ojú ọmọ, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ẹ kọ́kọ́ wo ọmọ náà, ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ tó gbé ìdájọ́ kalẹ̀.